"Ọ̀rẹ́-ajá" kẹ̀? Ta ni ọ̀rẹ́ ẹ̀?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ń wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí òyìnbó ń pè ní "dog-friendly", ẹ̀gbọ́n wa ará Ìsánlú wá ní ká máa pe ilé oúnjẹ tàbí páàkì tí wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn mú ajá wọlé ní "ibi ọ̀rẹ́-ajá". Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ o, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Ẹni tó ni búkà lè má fẹ́ràn ajá rárá, owó oníbàárà ló ń wò tó fi gbà, ìyọ̀ǹda lásán ni, ọ̀rẹ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ẹlòmíì wá ní "ilé oúnjẹ ajá". Háà! Ní Nàìjíríà tí gbogbo wa ti mọ̀ pé ẹran ajá ló ń jẹ́ 404? Ẹ kọ ìyẹn sí ẹnu ọ̀nà búkà kan ní Kàbbà kẹ́ ẹ wá wo irú àwọn tó máa tò síbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin gbé ajá òyìnbó kékeré kan wálé láti Àbújá nígbà Kérésì, inú báàgì ló gbé e sí, orí nìkan ló yọ síta, la bá jọ lọ jẹ iyán. Ìyá oníyán wo báàgì, ó wo àbúrò mi, ó ní "ṣé kí n bá yín sè é ni?" Kò rẹ́rìn-ín o, ó ti ń wo ibi tí ìkòkò wà.

Àwọn tó ní "agbajá", bí ìgbà tá a ní olùgbàlejò, ìyẹn sún mọ́ ọ díẹ̀, ó sì kúrú. Àmọ́ àwa ará Kogí ti ní Agbaja tiwa lórí òkè lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, níbi tí òkúta irin wà. Tí mo bá ní ilé agbajá ni mò ń lọ, ẹ ó ní mo ti wọ mọ́tò Lọ́kọ́ja.

Ti ajá kékeré tí wọ́n ń gbé sínú báàgì fúnra ẹ̀, ẹ má pè é ní ọmọ ajá jọ̀ọ́, Chihuahua, irú ajá òyìnbó tín-ín-tín yẹn, tó ti darúgbó kì í ṣe ọmọ ẹnìkankan. "Ajá alágbèéká" ni mo fara mọ́, bíi kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ó bá òfin ọkọ̀ àwọn òyìnbó mu pàápàá: nínú reluwé abẹ́ ilẹ̀ New York, inú báàgì tàbí àpótí lajá gbọ́dọ̀ wà, ní Jámánì náà, ajá kékeré tó wà nínú àpótí ẹ̀ kì í sanwó ọkọ̀ ojú irin, ńlá ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó ká mi lára jù rèé. Ní Amẹ́ríkà, ajá tó ń fi afọ́jú mọ̀nà, òfin ló ní kó wọlé, onílé oúnjẹ ò lè ní òun ò fẹ́. Ajá alágbèéká ti yàtọ̀, bó bá wu onílé oúnjẹ ló máa gbà á, California gan-an, láti 2015 ni òfin ìpínlẹ̀ ti fọwọ́ sí i, ìta tí wọ́n to tábìlì sí nìkan ni. Tá a bá wá lẹ "ọ̀rẹ́-ajá" mọ́ ibì kan, wọ́n á lé afọ́jú tajátajá níbi tí kò sí àkọlé yẹn.

Kí la fẹ́ fi orúkọ ṣe gan-an? Ẹ kọ ọ́ sára ògiri: "Ẹ lè mú ajá yín wọlé, ẹ ṣáà dè é lókùn." Ẹni tó bá ní dandan ni kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kó mú agbajá, èmi á bá a bẹ àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀.