Ìtàn Carolina League: báwo ni ìlú kékeré bí Eden ṣe ní ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù?

Ìyá Àdùkẹ́, Eden, North Carolina:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pé oṣù mẹ́jọ tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gbé mi wá sí Eden. Ìlú kékeré ni, kò jìnnà sí ẹnubodè Virginia. Bàbá òyìnbó tó ni ilé tí mo háyà gbé fọ́tò kan kọ́ sára ògiri pálọ̀ rẹ̀: àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù, wọ́n kọ “Triplets” sí wọn láyà. Èmi rò pé ọmọ ìbẹta wà nínú wọn ni. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní ìlú mẹ́ta ni ìbẹta náà: Leaksville, Draper àti Spray, tí wọ́n pa pọ̀ di Eden ní 1967. Ó ní nígbà tí ogun Hítílà ń parí lọ, inú Carolina League, líìgì bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù kékeré kan, ni wọ́n wà, tí wọ́n ń bá Durham àti Raleigh figagbága!

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Shooting Stars ni mo fi dàgbà. Mo mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń mú inú ìlú dùn, mo sì mọ bí ojú ìlú ṣe ń rí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣubú. Àmọ́ bẹ́ẹ̀sìbọ́ọ̀lù ṣì ń rú mi lójú. Báwo ni ìlú tí ò ju báyìí lọ ṣe ní ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù? Kí ló sì gbé e lọ? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Raleigh:

Tẹlifíṣọ̀n ló pa á, Ìyá Àdùkẹ́. Líìgì kéékèèké, àwọn tó wà lábẹ́ líìgì ńlá, 59 ló wà nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1949. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò pé tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fi pa rẹ́. Èèyàn jókòó sílé, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ New York lófẹ̀ẹ́, kí ló tún fẹ́ lọ wò ní Leaksville? Àmọ́ Bàbá Ìbejì ní Durham mọ inú ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dá sí i.

Bàbá Ìbejì, Durham:

Mo ti dé. Ìyá Àdùkẹ́, inú mi dùn sí ìbéèrè yín, ó ti pẹ́ tí ọmọ wa kan ti bi mí ní irú rẹ̀.

1990 ni mo dé Durham. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, ẹ̀bá pápá ìṣeré àtijọ́, Durham Athletic Park, ni mo sì máa ń gbà kọjá. Bàbá aládùúgbò mi, ọmọ bíbí Durham, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nílé iṣẹ́ sìgá, ló mú mi wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí fún ọdún mẹ́rin gbáko, ló ń ṣàlàyé títí eré náà fi yé mi. Ó ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

1945 ni Carolina League bẹ̀rẹ̀, ìlú mẹ́jọ ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mẹ́fà wà ní North Carolina: Durham, Raleigh, Burlington, Greensboro, Winston-Salem àti Leaksville tiyín. Méjì wà ní Virginia: Danville àti Martinsville. Ẹ má ka orúkọ wọn lásán, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Tábà ló gbé Durham àti Winston-Salem ró. Danville, tábà àti òwú. Burlington àti Greensboro, aṣọ híhun. Martinsville, àga àti tábìlì. Leaksville àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjèèjì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, táwẹ̀lì àti kápẹ́ẹ̀tì. Níbi tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ pa pọ̀ nírọ̀lẹ́, tí owó ọ̀sẹ̀ wà lápò wọn, tí wọn ò sì ní ibi tí wọ́n fẹ́ lọ. Àwọn wọ̀nyẹn ló ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Àwọn ìlú náà sì sún mọ́ra: bọ́ọ̀sì á kó ẹgbẹ́ lọ, wọ́n á gbá a lábẹ́ iná, wọ́n á sì padà wá sùn sílé lóru ọjọ́ náà.

Orúkọ àwọn ẹgbẹ́ pàápàá, inú iṣẹ́ ni wọ́n ti yọ ọ́. Durham Bulls, akọ màlúù tó wà lára àpò tábà Bull Durham ni. Danville Leafs, ewé tábà ni. Leaksville kò kọjá 1947 nínú líìgì yìí. Nígbà tó di 1948, Reidsville tó wà nítòsí yín ló wọlé, “Luckies” ni wọ́n sì ń jẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe sìgá Lucky Strike.

Ẹ jẹ́ kí n dúró ní Reidsville díẹ̀, mo fẹ́ràn ibẹ̀ nínú ìtàn yìí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Leo Shoals, “Muscle” ni wọ́n ń pè é. Ní 1949, ìgbà 55 ló gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ọgbà. Títí di òní, kò sí ẹni tó gbá iye bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan nínú Carolina League, bẹ́ẹ̀ ni Shoals kò dé líìgì ńlá rí, kódà fún ọjọ́ kan. Tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ bá ti fò kọjá, àwọn òǹwòran á máa ki dọ́là bọ ojú wáyà tó wà níwájú wọn, agbábọ́ọ̀lù á sì máa rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà náà, á máa gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí aládùúgbò mi sọ èyí fún mi, mo dìde dúró. Mo ní, “Bàbá, wọ́n ń náwó fún un nìyẹn!” Mo wá sọ fún un bí a ṣe ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bi mí léèrè nípa ilé.

Ìyá Àdùkẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá. Ọ̀rọ̀ wáyà yẹn dùn mọ́ mi. Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná. Gbogbo ojú tó wà nínú fọ́tò yẹn, òyìnbó ni. Aládùúgbò yín ńkọ́, ibo ló ń jókòó sí nígbà náà?

Bàbá Ìbejì, Durham:

Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wá darí rẹ̀ sí ìjókòó onípákó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Gbogbo ìgbà tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń lọ, kò gba ọ̀dọ̀ ìjókòó yẹn kọjá rí. Àárín gbùngbùn, lẹ́yìn ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù, ló máa ń lọ tààrà. Mi ò bi í nídìí.

Jackie Robinson, agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú, ti wọ líìgì ńlá ní 1947. Carolina League ò gba aláwọ̀ dúdú kankan títí di oṣù kẹjọ ọdún 1951, tí Danville mú Percy Miller, ọmọ ìlú wọn. Durham tiwa dúró di 1957 kí Bubba Morton tó wọ aṣọ Bulls. Oṣù kẹfà ọdún 1957 yẹn kan náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú méje lọ jókòó síbi tí wọ́n fi òyìnbó nìkan sí nílé áìsìkiriìmù Royal níbí, tí ọlọ́pàá sì kó wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Curt Flood. Ọmọ ọdún 18 láti California, tí wọ́n rán lọ sí High Point-Thomasville, ẹgbẹ́ kan nínú Carolina League, ní 1956. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ ilé oúnjẹ, òun á lọ gba tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àwọn òǹwòran ń bú u bí ẹni ń bú ajá. Ó máa ń sunkún nínú yàrá rẹ̀ lálẹ́. Pẹ̀lú ẹkún yẹn, òun ló mọ igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lò jù nínú líìgì lọ́dún náà: .340, ìyẹn ni pé nínú ìgbà 100 tó gbé igi, nǹkan bíi 34 ló gbá a dáadáa. Ní gbogbo ọdún náà, ìgbà 29 ló gbá a fò kọjá ọgbà. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ gbé láti St. Louis lọ sí Philadelphia ní 1969, tó ní òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà, ó sì pàdánù ní 1972. Kí 1975 tó parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù ti rí ohun tó torí rẹ̀ jà gbà, ìyẹn òmìnira láti yan ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́. Tẹ̀mi ni pé High Point ni ìjà yẹn ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀.

Joe Morgan, aláwọ̀ dúdú mìíràn tó padà di ìràwọ̀, náà wá sí Durham ní 1963. Ó rí pátákó ìyàsọ́tọ̀ ní pápá Winston-Salem, ó sì fẹ́ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kó máa lọ sílé. Ó dúró. Nọ́ńbà 18 rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ ọ́ mọ́ ní Durham.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Danville:

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Mo ń gbé Danville láti ọdún mẹ́fà, ẹnu yín ni mo ti gbọ́ orúkọ Percy Miller. Willie McCovey tó di ìràwọ̀ ní San Francisco náà gbá a níbí ní 1956. 1958 ni àwọn Leafs ṣe é kẹ́yìn. Ilé iṣẹ́ aṣọ Dan River ti kógbá sílé. Ṣé tẹlifíṣọ̀n ló fà á lóòótọ́?

Bàbá Ìbejì, Durham:

Ọmọ Ẹ̀gbá ò parọ́: tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúlétutù mú èèyàn jókòó sílé. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sanwó. Àwọn ẹgbẹ́ líìgì ńlá gba owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ́rùn ara wọn, ti ará ìlú kò wá ju tíkẹ́ẹ̀tì àti pápá lọ. Látìgbà náà, ìlú kò ní agbábọ́ọ̀lù mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá mọ̀ ọ́n gbá lónìí, ọ̀la ni wọ́n á gbé e lọ. Kò sí ẹni tó lè dúró pẹ́ mọ́ kí ìyàwó aláṣọ híhun mọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Èyí gan-an ni aládùúgbò mi máa ń ṣàárò.

Líìgì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú pátápátá. Ní 1976, ẹgbẹ́ mẹ́rin péré ló kù: Winston-Salem, Lynchburg, Salem àti Peninsula. Durham ò ní nǹkan kan láti 1972 títí Miles Wolff fi dá Bulls padà ní 1980. Pápá tún kún. Ní 1995 wọ́n kó lọ sí pápá tuntun, ní 1998 wọ́n gòkè kúrò nínú Carolina League. Winston-Salem nìkan ni kò pa ọdún kankan jẹ láti 1945, àmọ́ nígbà tí líìgì ńlá tún gbogbo rẹ̀ tò ní ọdún 2021, wọ́n gbé òun náà lọ síbòmíì. Kódà wọ́n yọ orúkọ Carolina League kúrò lọ́dún yẹn, wọ́n pè é ní Low-A East. Inú bí mi. Ní 2022 wọ́n dá orúkọ náà padà.

Lynchburg ti wà nínú rẹ̀ láti 1966. Láti Eden, ẹ ò ní wakọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ lọ wò ó.

Ìyá Àdùkẹ́:

Bàbá, mo ka gbogbo rẹ̀ fún bàbá onílé mi lálẹ́ àná, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo dé ibi wáyà, ó ní kí n dúró. Ó yọ fọ́tò náà kúrò lára ògiri, ó fi ìka kan ọmọdékùnrin kan tó jókòó sílẹ̀ níwájú, tí mi ò kíyè sí rí. Ó ní òun nìyẹn, òun ló ń bá wọn kó igi. Ó tún ní òun rántí ìjókòó onípákó yẹn, pápá tiwọn náà ní in. Ó dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Láàárọ̀ yìí ló kan ilẹ̀kùn mi. Ó ní ọjọ́ wo ni a ń lọ Lynchburg.