Ẹ má jẹ́ ká pa "abísínwín" rẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ ní ká yọ wèrè, asínwín àti abísínwín (ẹni tó sínwín lẹ́yìn ìbímọ) kúrò nínú ìwé ìlera, ká fi "alárùn ọpọlọ" rọ́pò gbogbo wọn, torí pé wọ́n ti di èébú. Ní ti wèrè, mo gbà fún yín. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà. Òfin wèrè (Lunacy Act) tí òyìnbó fi sílẹ̀ la ṣì ń lò títí di ìgbà náà.

Àmọ́ abísínwín kì í ṣe ẹgbẹ́ wèrè. Ẹ tú u wò: ìbímọ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ti mọ ìgbà tí àìsàn náà dé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí àkọ́bí rẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi sùn. Lóru, á fọ aṣọ ọmọ, á sá a, kó tó gbẹ á tún rì í bomi, ó ní wọ́n ti fi nǹkan sí i. Àwọn kan nínú ẹbí ti ń dárúkọ ọ̀tá. Ìyá àgbà wò ó, ó ní: "Abísínwín lèyí. Ẹ gbé ọmọ fún mi, kí ẹ gbé e lọ sọ́síbítù." Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Ara rẹ̀ yá, ó padà sí ìsọ̀ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní wèrè rí.

Nígbà tí Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aro l'Ábẹ́òkúta ní 1954, àárín ará abúlé ló fi àwọn aláìsàn sí, tẹbí tẹbí, ó sì pe oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ohun tí àwọn oníṣègùn wọ̀nyẹn mọ̀ ò ya ara rẹ̀ kúrò lára orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn náà: wèrè ìran lọ́tọ̀, amútọ̀runwá lọ́tọ̀, àfiṣe lọ́tọ̀.

"Alárùn" gan-an ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹni tó ni nǹkan là ń pè ní oní-: onílé, aláṣọ. Ta ló fẹ́ ni àrùn? Ibà ń ṣe èèyàn ni, a kì í pè é ní oníbà. Ẹ jẹ́ ká kọ "ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń ṣe". Ó gùn, àmọ́ ó fi èèyàn ṣáájú àìsàn.

Ẹ̀yin ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, kí lẹ̀ ń pe abísínwín lọ́dọ̀ tiyín?