Ṣé kí n dá ológbò mi dúró kó má bímọ mọ́?

Ìyá Tolú: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ológbò Persian mi, irú ológbò onírun gígùn yẹn, ló gbé mi wá. Ọkọ mi ní kó má bímọ mọ́, pé ilé ti ń rùn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí o, owó ọmọ ológbò la fi san owó ilé-ìwé tẹ́ẹ̀mù tó kọjá! Àbúrò ọkọ mi náà gbé ọmọ funfun kan lọ, kò tíì sanwó dòní. Nígbà tó bí kẹ́yìn, ọ̀kan péré ló bí. Ṣé kí n dá a dúró ni, àbí kí n tún gbé e lọ bá akọ?

Alágbàdo: Ọmọ ọdún mélòó ni? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti bí? Ẹjọ́ ọkọ lẹ ń rò fún wa.

Bàbá Kẹ́mi: Tèmi bímọ títí ó fi pé ọdún mẹ́sàn-án, nǹkan kan ò ṣe é. Ajá ni mo wá ń sìn báyìí, ìyẹn ló lówó.

Dókítà Ẹranko: Bàbá Kẹ́mi, ẹ má kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀. Orí ọmọ Persian tóbi, ìrọbí wọn máa ń le. Àwọn FIFe, ẹgbẹ́ àwọn tó ń sin ológbò ní Yúróòpù, ìbí mẹ́ta ni wọ́n gbà láàárín oṣù 24.

Ìyá Tolú: Mi ò fìyà jẹ ẹ́ o! Kó lè sinmi ni mo ṣe ní kí oníkẹ́míìsì gún un ní abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń gún fún obìnrin. Kò wá akọ mọ́ lóòótọ́. Omi tó ń mu ṣáá nìkan ló yà mí lẹ́nu.

Dókítà Ẹranko: Abẹ́rẹ́ èèyàn? Ṣé nǹkan ń jáde lábẹ́ rẹ̀?

Ìyá Tolú: Díẹ̀ ni, ó ń la á kúrò. Òun náà ló ń rùn tí ọkọ mi ń pariwo.

Dókítà Ẹranko: Ó jọ pé ọyún ti kún ilé ọmọ rẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ yẹn lè fà á. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko lónìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní láti yọ ilé ọmọ náà. Àìsàn yìí máa ń pa ológbò.

Bàbá Kẹ́mi: Ẹ kọ́kọ́ fún un ní tetracycline ná.

Alágbàdo: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sídìí ajá yín.

Ìyá Tolú: Ẹnì kan ti sanwó sílẹ̀ fún ìbí tó ń bọ̀ o. Èló ni wọ́n ń gbà fún iṣẹ́ abẹ náà?

Alágbàdo: Ẹ dá owó olówó padà. Bó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́, ẹ ò tíì sọ.