Wọ́n ní kí àwa oníṣòwò wá sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ agbègbè Òṣogbo: kí ni kí n lọ wí?

Ìyá Gàrí Ọ̀nà Ìwó

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjà. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì rójú sùn dáadáa láti ìjẹta.

Lẹ́tà kan dé sọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwa tí a ń ṣe gàrí àti láfún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ètò ìlò ilẹ̀ àti ọrọ̀ ajé agbègbè Òṣogbo yẹ̀ wò, àwọn sì fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn oníṣòwò. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan wá, kó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì fi ìwé àbá sílẹ̀. A ṣèpàdé, gbogbo wọn ní èmi ni kí n lọ, pé mo parí girama, ẹnu mi sì mú. Ẹnu mi mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iwájú oníbàárà ló ti ń mú.

Ohùn ẹgbẹ́ ò ṣọ̀kan lórí ohun tí mo máa sọ. Àwọn kan ní kí n ṣáà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dín owó tíkẹ́ẹ̀tì kù, kí n sì jókòó. Àwọn kan ní kí n má tiẹ̀ débẹ̀, pé ọgbọ́n àtigba ilẹ̀ ni, ẹni bá júwe ilé ara rẹ̀ fún ìjọba ló fọwọ́ ara rẹ̀ fa katakata wá.

Ẹ gbọ́ tèmi. Ọdún 2009 ni mo ra ilẹ̀ tí ilé gàrí mi wà. Igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà. Àwọn tó ń gbin pákí kò jìnnà sí mi, báró ni wọ́n fi ń tì í wá. Lónìí, oko wọ̀nyẹn ti di púlọ́ọ̀tì. Àwọn àgbẹ̀ ti tà á, òmíràn ti fi owó rẹ̀ ra ọ̀kadà. Ọ̀nà jíjìn lọ́hùn-ún, lápá Ìwó, ni mo ti ń ra pákí báyìí, owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè mi tán. Àwọn tó wá kọ́lé yí mi ká ń sọ pé òórùn omi pákí ò jẹ́ káwọn jẹun. Wọ́n ti pe wolé-wolé wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, èmi ni mo wá di àlejò!

Ìwé ilẹ̀ mi kò ju rìsíìtì ẹbí àti èyí tí awọnlẹ̀ yà lọ. C of O, ìwé àṣẹ gómìnà lórí ilẹ̀, kò sí. Kí ni kí n sọ? Kí ni kí n fi sínú?

Bàbá Tírélà

Wọ́n pe àwa onímọ́tò bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n fún wa ní mítípáì àti mínírà, wọ́n ní ká kọ orúkọ, a kọ orúkọ. Títí di òní olónìí mi ò mọ ohun tí orúkọ mi lọ ṣe níbẹ̀. Tó o bá lọ ṣá, jẹ mítípáì tìẹ.

Ìyá Ìgbọ́nà

Ẹ̀yin Bàbá Tírélà náà! Ẹ jẹ́ kó lọ jàre. Tí kò bá lọ, àwọn tó ń ta púlọ́ọ̀tì á lọ, àwọn yẹn kì í pa irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ jẹ. Ìyá Gàrí, tí wọ́n bá ti ọ̀dọ̀ yín gbé gàrí débi, àwa la máa ń gba èébú oníbàárà tówó bá ti gun òkè. Wọ́n á ní àwa ará ọjà Ìgbọ́nà là ń fi kún un. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé oko ló sá fún wa.

Awọnlẹ̀ Òkè-Fìà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Iṣẹ́ mi nìyí, mo ti lé ní ogún ọdún nídìí rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kì í ṣe ilẹ̀ tí kò tíì ní ètò ni wọ́n ń pè yín sí. UN-Habitat, ẹ̀ka àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú àti ibùgbé, bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ìwé ètò kan fún Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, láti 2014 títí dé 2033. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì fojú rí i. Kí ẹ tó lọ la ẹnu, ẹ lọ wo àwọ̀ tí wọ́n kun ibi tí ilé gàrí yín wà nínú máàpù rẹ̀, nítorí àwọ̀ ni wọ́n fi ń sọ ohun tí ilẹ̀ wà fún: ṣé ilé gbígbé ni, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni, ṣé oko ni. Tó bá jẹ́ ilé gbígbé, ẹ mọ̀ pé lójú ìwé, ẹ̀yin lẹ wà níbi tí kò yẹ, bí ẹ tiẹ̀ ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn.

Èkejì, òfin ètò ìlú ti 1992 ní kí wọ́n gbé àbá ètò síta kí aráàlú rí i, kẹ́ni tó bá lòdì sí i sì kọ̀wé. Ìpè yìí kì í ṣe oore. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ má lọ bí ẹni tó ń tọrọ bàárà.

Ẹ̀kẹta ni kẹ́ ẹ tẹ́tí sí jù. Òfin Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ìlú, ilé, ẹ̀rọ tí a rì mọ́lẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn ni wọ́n ń sanwó lé lórí. Ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju owó ìṣákọ́lẹ̀ ọdún náà lọ. Owó tí ẹ kó fún ẹbí ní 2009, ìjọba ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ẹ ya fọ́tò kànga, ilé iná, ẹ̀rọ ìrinpákí àti gbogbo ohun tí ẹ fi símẹ́ǹtì kọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì wọn. Kì í ṣe pé mo ní wọ́n fẹ́ gbà á o. Ẹni tó ní ìwé kì í sáré nígbà tí ariwo bá ta.

Ní ti ẹ̀bẹ̀ owó tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ètò ilẹ̀ máa ń lo ọ̀pọ̀ ọdún, owó tíkẹ́ẹ̀tì lè yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọmọ Ọ̀rọ̀kí

Ọ̀gá Awọnlẹ̀ ti là á mọ́lẹ̀. Èmi kàn fẹ́ fi kún un pé ẹ má ṣe gbàgbọ́ pé ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ti di iṣẹ́. Ẹ wo ilé iṣẹ́ irin Steel Rolling àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ Machine Tools tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní Òṣogbo yìí láyé 1980 sókè. Ilẹ̀ lọ súà! Bàbá mi máa ń sọ bí àwọn ṣe rò pé gbogbo ọmọ ìlú ló máa gbaṣẹ́ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá a dé, gbogbo wa la mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú irin. Kí 1910 tó dé ni rélùwéè ti wọ Òṣogbo, àwọn òyìnbó oníṣòwò sì tẹ̀lé e wá kọ́ sítọ̀ọ̀ sí apá Stéṣàn, wọ́n ń ra kòkó àti èkùrọ́. Ìlà kan péré ló yí ọjà ìlú padà. Tí wọ́n bá tún dárúkọ Dàgbolú fún yín, tí wọ́n ti ń sọ pé yóò di ibùdó ọjà ńlá láti ayé Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ẹ bi wọ́n: ọ̀nà ńkọ́, iná ńkọ́, ọjọ́ wo?

Mẹkáníìkì Sábó

Ọjọ́ wo gan-an! Nílùú kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n kó wa kúrò ní títì, wọ́n ní ibì kan wà lẹ́yìn ìlú, abúlé mẹkáníìkì. A dé ibẹ̀. Kò síná. Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ tí a tún ṣe tán ò lè jáde mọ́, àwa náà la tún tì í. Oníbàárà ò tẹ̀lé wa, wọ́n rí àwọn tó sá padà sẹ́bàá títì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jẹ gbèsè.

Tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ fún ẹ̀yin onígàrí ní ibi tiyín, ẹ ní: iná kọ́kọ́, ọ̀nà kọ́kọ́, omi kọ́kọ́, ìwé ilẹ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́. Ẹ̀yìn náà lẹ tó kó ẹrù.

Lánlọ́ọ̀dù Tuntun

Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé wọ́n máa bú mi. Èmi náà kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gàrí, kì í ṣe ti Ìyá yìí. Ẹni tó ta ilẹ̀ fún mi, ọjọ́ Sunday ló mú mi lọ wò ó. Kò sí èéfín, kò sí òórùn, ẹyẹ ń ké. Mo sanwó. Ọjọ́ Monday tí mo gbé yanrìn débẹ̀ ni mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ ni mo rà. Àwọn ọmọ mi kéékèèké ń wú ikọ́ èéfín, ẹ jọ̀ọ́, mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni.

Mo ṣe tán láti lọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú yín, pé kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ibi báyìí ibi iṣẹ́ ni, kí onílẹ̀ má lè ta á fún ẹni tó fẹ́ kọ́lé.

Ìyá Aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Lánlọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Ìyá Gàrí, ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún ẹ. Omi pákí yẹn ní májèlé. Tó bá ṣàn wọ odò, ẹja ń kú, ewúrẹ́ tó bá mu ún lè má dé ilé. Ibo ni tìrẹ ń ṣàn sí? Má bi mí bí mo ṣe mọ̀, àwa aláró náà ń da omi aró, wọ́n sì ti bi wá.

Tó o bá débẹ̀, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ dá a sọ, kí Lánlọ́ọ̀dù mìíràn tó sọ ọ́ fún ẹ. Sọ pé ẹ fẹ́ kòtò tó dára àti ìrànlọ́wọ́ láti gbẹ́ ẹ. Ẹ sì má ṣe sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Òṣogbo nìkan ló wà láyé. Láti bíi 2018 tí omi Ọ̀ṣun ti dà bí tíì oní-mílíìkì, ṣé Òṣogbo ni wọ́n ti ń wa góòlù ni? Lókè lọ́hùn-ún ni, lápá Iléṣà. Odò ò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni pákí yín.

Ẹni tó bá sì ní kíkọ sílẹ̀ ò wúlò, kó lọ wo Igbó Ọ̀ṣun. Àwọn tó fẹ́ gé e tà pọ̀ láyé ìgbà kan. Àdùnní Olórìṣà, òyìnbó ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Susanne Wenger, àtàwọn tó dúró tì í ò gbà. Ìjọba kọ apá kan rẹ̀ sílẹ̀ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, UNESCO gbà á wọ inú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 2005. Hẹ́kítà 75 ṣì wà láàárín ìlú, igi ń bẹ lórí ẹ̀. Tí oṣù kẹjọ bá dé, èmi tí mo ń ta àdìrẹ mọ ohun tí igbó yẹn ń mú wọlé fún mi.

Ìyá Gàrí Ọ̀nà Ìwó

Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo lọ sọ́dọ̀ Town Planning lánàá gẹ́gẹ́ bí Alàgbà Awọnlẹ̀ ṣe wí. Ọmọkùnrin kan ló ṣí i fún mi lórí kọ̀ǹpútà. Ilé gbígbé ni àwọ̀ tèmi. Ẹsẹ̀ mi ò fẹ́ gbé mi jáde.

Ẹ wò ó, kí n tún lọ dúró síwájú wọn kí n máa sọ pé ibi báyìí ni mo wà? Ṣé kì í ṣe pé ẹgbẹ́ fi mí ṣe ewúrẹ́ ìrúbọ? Omi pákí tèmi, kòtò ni mo gbẹ́ fún un, Ìyá Aláró, ṣùgbọ́n ó máa ń kún lásìkò òjò. Mi ò purọ́.

Awọnlẹ̀ Òkè-Fìà

Ẹ lọ. Wọ́n á rí yín bí ẹ lọ bí ẹ ò lọ, fọ́tò láti òfuurufú ni wọ́n ń lò báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ dá sọ̀rọ̀ ilé gàrí kan. Ẹ gbé gbogbo ilé gàrí ẹgbẹ́ sórí ìwé kan náà, kí wọ́n rí i pé ogún tàbí ọgbọ̀n ilé ni, àti iye obìnrin tó ń jẹun nídìí wọn. Ẹni kan tó wà níbi tí kò yẹ, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Tó bá ti di ọgbọ̀n, á di pé ìwé náà ló ní àṣìṣe.

Kẹ́ ẹ sì béèrè fún ìgbà tó pọ̀ tó láti kúrò, tó bá di pé kẹ́ ẹ kúrò.

Bàbá Tírélà

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ tó jẹ́ iṣẹ́ mi. Pákí tọ́ọ̀nù kan tí mo bá gbé fún ẹ, gàrí tó máa jáde nínú ẹ̀ kì í ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù ńkọ́? Omi ni, èèpo ni. Omi lo ń sanwó ọkọ̀ fún, Ìyá Gàrí! Pákí tí wọ́n hú tán kò sì ní ju ọjọ́ méjì mẹ́ta tí á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ọkọ̀ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ó ti di ti ẹlẹ́dẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n pè, mo máa ní kí wọ́n fi ilé gàrí sí ìdí oko, kí wọ́n sì fòfin de oko náà kó má di púlọ́ọ̀tì. Kí wọ́n ṣe ọ̀nà ibẹ̀. Gàrí tó ti gbẹ ni kí n máa gbé wọ Òṣogbo.

Ìyá Ìgbọ́nà

Ẹni tó ní kó má lọ rèé o!

Mẹkáníìkì Sábó

Bàbá ti sọ̀rọ̀ tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún un.

Ìyá Gàrí Ọ̀nà Ìwó

Bàbá, ẹ ò wí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti ń gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ mi!

Mo ti pinnu, mo ń lọ. Ọ̀rọ̀ ìdí oko yìí ni mo máa fi ṣáájú, lẹ́yìn náà omi pákí, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Owó tíkẹ́ẹ̀tì, mo máa sọ fún ẹgbẹ́ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Wọ́n á pariwo.

Ìyá Ìgbọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka iye àpò gàrí tó wọlé lọ́jọ́ ọjà méjì tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ kọ ibi tí wọ́n ti wá sí i. Alàgbà, èló ni ẹ máa gbà láti bá wa fi ilé gàrí gbogbo ẹgbẹ́ sórí ìwé? Lánlọ́ọ̀dù, tó bá tọkàn yín wá, ọjọ́ Thursday ni, aago mẹ́wàá àárọ̀. Bàbá Tírélà, mo fẹ́ iye ọkọ̀ pákí tí ẹ gbé wọ Òṣogbo lóṣù tó kọjá, ti gbogbo wa, kì í ṣe tèmi nìkan.

Bàbá Tírélà

Ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí wà nínú ọkọ̀. Ó di alẹ́. Ṣé wọ́n ní mítípáì máa wà?