Kánsẹ́lọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pe òbí: kí là ń lọ ṣe níbẹ̀?

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní JSS3 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan níhìn-ín ní Abẹ́òkúta, oṣù díẹ̀ ló sì kù kó wọ SS1. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń wá bébà tí mo kọ gbèsè oníbàárà kan sí, ni mo bá ṣí ìwé ìṣirò rẹ̀, mo sì bá lẹ́tà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin níbẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn ló kọ ọ́ pé kí òbí rẹ̀ yọjú sí òun. Lẹ́tà náà ti pé ọjọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ òun ti rí òun tí òun ń jáde láti yàrá yẹn ni wọ́n ti ń pe òun ní "ọmọ Aro", bí ẹni pé ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó wà ní Aro ni òun ti wá.

Nígbà tiwa, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe òbí, ọmọ ti jà tàbí ó ti jalè nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ní òun kò lọ, pé ọ̀rọ̀ ilé ẹni kì í ṣe ohun tí à ń kó lọ rò fún olùkọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ gan-an? Ohun tí ọmọ bá sọ fún un, ṣé yóò sọ ọ́ fún èmi ìyá rẹ̀? Ohun tí èmi náà bá sọ ńkọ́, ṣé wọn kò ní kọ ọ́ sínú ìwé tí yóò máa tẹ̀ lé ọmọ kiri?

Kánsẹ́lọ̀ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé mi ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ìyà kúrò nílẹ̀. Kánsẹ́lọ̀ kì í mú pàṣán. Ọjọ́ tó bá mú un, kò ní rí ọmọ kankan bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ọmọ máa ṣe láyé ló bí iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Ní 1959, àwọn Sístà ìjọ Àgùdà tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ St. Theresa's ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, pe 20 ènìyàn tó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ pé kí wọ́n wá bá àwọn 60 ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde lọ́dún náà sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n lè forí lé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, iṣẹ́ yìí wà nínú ohun tí wọ́n ní kí ilé ẹ̀kọ́ máa pèsè.

Ìdí tí wọ́n fi sábà máa ń pe òbí ọmọ JSS3 ni pé ibẹ̀ ni oríta wà. Ọmọ yóò yà sí sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọ́máṣà, ohun tó bá sì fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣòro láti padà gbé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, JAMB yóò bi í ní Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místìrì àti Fisíìsì pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ máa ya àwòrán ilé kò lè fojú fo Ìṣirò àti Fisíìsì. Mo ti rí ọmọ tó dé SS3 kó tó mọ̀ pé òun kò forúkọ sílẹ̀ fún ohun tí òun nílò, tí òbí rẹ̀ sì ń sunkún níwájú mi bí ẹni pé èmi ni mo fà á. Kánsẹ́lọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò wo máàkì ọmọ láti JSS1, yóò bi àwọn olùkọ́ rẹ̀, yóò gbọ́ tẹnu ọmọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò fẹ́ gbọ́ tiyín, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ pé ọmọ kì í sùn lóru.

Ní ti àṣírí, kò yẹ kó ro ohun tí ọmọ bá sọ fún píríńsípà tàbí olùkọ́ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì ní rò gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀yin náà. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bí yín nínú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń gbèrò láti pa ara rẹ̀ lára, tàbí tí ẹnì kan ń fìyà tàbí ìṣekúṣe jẹ ẹ́, kánsẹ́lọ̀ kò gbọdọ̀ pa á mọ́ra, ó sì yẹ kó ti sọ èyí fún ọmọ kí ọmọ tó la ẹnu. Ohun tí ẹ bá sọ kì í wọ inú ìwé ẹ̀rí. Fáìlì ọ̀tọ̀ ló wà fún un, ó sì yẹ kí wọ́n máa tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Àwọn tó ń fi Aro bú u kò tilẹ̀ mọ ìtàn ìlú tiwọn. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti ń tọ́jú aláìsàn níbẹ̀ nípa fífi wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká, ó kéré tán ìbátan kan ní láti bá aláìsàn wá kí ó sì dúró tì í. Bí àwọn oníṣègùn Aro bá lè sọ pé àwọn kò lè dá ṣe é láìsí ẹbí, mélòó-mélòó ni kánsẹ́lọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Bàbá Láfẹ́nwá

Ọ̀rọ̀ àgbà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọmọ mi obìnrin sọ fún kánsẹ́lọ̀ rẹ̀ pé èmi àti ìyá rẹ̀ ti pínyà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, olùkọ́ kan ti fi dá a lóhùn nínú kíláàsì pé abájọ tí kò fi ní ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tí mo lọ fa ìbínú yọ, mo rí yàrá náà: sítọ́ọ̀ ni, wọ́n fi páálí igi là á sí méjì, àwọn olùkọ́ ń máàkì ìwé ní òdì kejì, mo sì ń gbọ́ ìró bíírò wọn. Ta ni yóò sọ òótọ́ níbẹ̀? Ìyá, ẹ lọ o, ṣùgbọ́n ẹ wo ògiri kí ẹ tó la ẹnu.

Kánsẹ́lọ̀ Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Bàbá, ẹ má bínú, mi ò ní gbèjà ìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹni kan ṣoṣo ló ń ṣe kánsẹ́lọ̀ fún gbogbo ọmọ, òun náà ló tún ń kọ́ni, yàrá tó bá sì ṣẹ́ kù ni wọ́n ń fún un. Òbí lè ní kí wọ́n jókòó sí ibòmíràn. Abẹ́ igi pàápàá sàn ju ìdí páálí lọ.

Ọmọ Yunifásítì

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àṣeyọrí. Èmi náà ti jókòó sórí àga yẹn rí. Ohun tí ìyá mi ṣe tí mo fi ń bá a lọ ni pé kò bi mí ní ohunkóhun lójú ọ̀nà. Mo délé, mo jẹun, ní alẹ́ ni mo fúnra mi sọ ọ́.

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú

Ẹ ṣeun, mo ti lọ ní Ọjọ́bọ̀. Inú yàrá ìkàwé la jókòó sí, nítorí mo bèèrè fún un. Kánsẹ́lọ̀ náà, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó tèmi, bi ọmọ bóyá òun lè fi ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ hàn mí, ọmọ sì gbà. Àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó n'Ìbàdàn tí a máa ń fi ẹ̀kọ yà sára àdìrẹ Ìbàdàndùn ló kún ibẹ̀. Lójú ewé àkọ́kọ́, ó yà á gẹ́gẹ́ bí èmi ti ń yà á. Nígbà tó ṣe, òrùlé wọ ọ́, àtẹ̀gùn wọ ọ́, ó di odidi ilé. Ọmọ ti ń gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sọ fún gbogbo àlejò pé dókítà ni, ó sì ń bẹ̀rù pé bí mo bá dé ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò sọ fún mi pé òun kò fẹ́. Ìdí tó fi gbé lẹ́tà náà pa mọ́ nìyẹn.

Kò sí ẹni tó ní kó má lọ sí sáyẹ́ǹsì. Ìṣirò àti Fisíìsì ni wọ́n ní kó rọ̀ mọ́, kí a sì padà wá ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù tó ń bọ̀, tòun ti bàbá rẹ̀. Bàbá kò tíì gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá yàrá ìkàwé yẹn ní ilẹ̀kùn.