Báwo lẹ ṣe ń to ọ̀sẹ̀ yín, ẹ̀yin ará Ìbàdàn?

ỌmọMọ̀níyà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú báyìí, mo máa ń jókòó kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ ṣe títí di Àbámẹ́ta: owó tí màá tọ́jú, ẹni tí màá lọ kí, ìwé tí màá kà. Tó bá fi máa di Ọjọ́rú, gbogbo ẹ̀ á ti dojú rú. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín?

AlàgbàKúdẹtì: Bí Ọlọ́run bá fẹ́.

TísàBódìjà: Ẹ̀yin alàgbà, Ọlọ́run fẹ́. Ẹ ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun kan péré ni mo ń fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mi ò sì kí ń fi nǹkan kan sí Ẹtì. Gbogbo èyí tí ò bá yanjú láti ẹ̀yìn ló ń jẹ Ẹtì tán.

Wẹ́dàÒjóò: Iná ló ń to tèmi. Bí wọ́n bá mú un dé láàárín òru, òru náà niṣẹ́. Ìwé kí ni kí n kọ?

ÀǹtíTélọ̀: Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ tèmi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà tí wọ́n pín fún wa níbi ìsìnkú. Gbogbo kọ́sítọ́mà ló ń rí orúkọ ara wọn níbẹ̀, wọ́n sì ń rí ẹni tó ṣáájú wọn. Ẹni tó bá gbé àǹkárá wá ní Ọjọ́bọ̀, tó ní òun máa wọ̀ ọ́ lọ òde ní Àbámẹ́ta, á fi owó kún owó. Wọ́n ń bú mi, wọ́n sì ń san án.

TísàBódìjà: Télọ̀ tún ń to ọ̀sẹ̀? Aṣọ tí mo fún ọ̀kan nínú yín kí Iléyá tó dé, Kérésìmesì ló tó kó o fún mi. Kò sì gba èjìká mi.

ÀǹtíTélọ̀: Èjìká yín ló ti lé sí i, bọ̀dá. Ẹ má kó mi mọ́ wọn.

ÌyáAláṣọỌ̀jẹ̀: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Ajé dé Àìkú, ẹ gbádùn ara yín. Aṣọ òkè ni mo ń tà, ìtàdógún la sì ń ná ọjà wa l'Ọ́jẹ̀. Bó bá bọ́ sí Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Ọjọ́rú, òmíràn á bọ́ sí Ẹtì, òmíràn sí Àìkú. Bàbá àwọn ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí fóònù máa dún létí mi ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun bí i tòun. Ìṣẹ́gun wo? Ọjọ́ ọjà ni mo kọ́kọ́ ń mú, màá wá máa kà á padà sẹ́yìn: ọjọ́ tí òwú gbọ́dọ̀ dọ́wọ́ ahunṣọ n'Ísẹ́yìn, ọjọ́ tí màá lọ kó ẹrù, ọjọ́ tí màá lọ sin gbèsè. Bí ẹnì kan bá pe òde sáàárín ẹ̀, kó máa jó o lọ.

TísàBódìjà: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìtàdógún kọ́ nìyẹn. Ajé sí Ọjọ́rú tí ẹ kà yẹn, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni.

ÌyáAláṣọỌ̀jẹ̀: Ṣé ẹ ka ọjọ́ tá a ná an mọ́ ọn?

AlàgbàKúdẹtì: Ọ̀rọ̀ yín ò takora. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn bàbá wa. Mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin, mẹ́rìndínlógún. Tẹ́ ẹ bá ka tòní mọ́ ọn, ó di mẹ́tàdínlógún.

ỌmọMọ̀níyà: Alàgbà tó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́ ló wá ń ṣírò yìí!

ÀǹtíTélọ̀: Ẹ dúró ná. Ìyá Ọ̀jẹ̀, ọjọ́ wo lẹ ń sin gbèsè gan-an? Àárọ̀ Ajé ni mo fi tèmi sí.

ÌyáAláṣọỌ̀jẹ̀: Àárọ̀ Ajé kẹ̀? Ta ló ń fún yín?

ÀǹtíTélọ̀: Wọn kí ń fún mi. Ojú ló ń tì wọ́n, wọ́n á mú un wá tó bá di ìrọ̀lẹ́.

TísàBódìjà: Ìgbàgbọ́ asán ni. Owó ò mọ ọjọ́.

AlàgbàKúdẹtì: Tísà, ẹ wá san tèmi lọ́la nígbà náà.

Wẹ́dàÒjóò: 😂😂 Ó tán! Ìyá Ọ̀jẹ̀, ọjọ́ wo ni ọjà tó ń bọ̀ yìí bọ́ sí? Ìyàwó mi ń wá àlàárì.

ÌyáAláṣọỌ̀jẹ̀: Ọjọ́bọ̀. Owó ọwọ́ ni o, mi ò tà láwìn.

Wẹ́dàÒjóò: Bí wọ́n bá mú iná wá kó tó di Ọjọ́bọ̀, ẹ máa rí mi.