Patch kan náà, ara ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ta ló ti fi nikotíìnì jáwọ́ nínú sìgá níbí?

Ọmọ Mákún, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ àti ẹ̀yin ọmọ Alárè gbogbo. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Láti oṣù kìn-ín-ní ni mo ti pinnu pé n ò mu sìgá mọ́. Kì í ṣe pé mo ń mu ún bí ẹni ń sun oko tẹ́lẹ̀. Márùn-ún, mẹ́fà lójúmọ́ ni, àkọ́kọ́ kì í sì í kan ẹnu mi àfi tí mo bá jẹun àárọ̀ tán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní London ló ní kí n ra patch tí òun lò, ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, tó ń fi nikotíìnì, èròjà inú tábà tí ara ń béèrè, sára díẹ̀díẹ̀ kí ọkàn má baà fà sí sìgá. Èyí tó le jù ló ní kí n rà, 21mg. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Kò tíì tó aago mọ́kànlá tí itọ́ fi kún ẹnu mi, òógùn tútù bò mí, òòyì ń kọ́ mi bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yìn páálí ni mo sá sí tí mo lọ bì. Ọ̀gá mi rò pé mo mutí wá síbi iṣẹ́ ni.

Ohun tí kò yé mi ni pé bàbá tó bí mi, tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí wọ́n wà nílé ní Ṣágámù báyìí, aáṣáà oníkáún ni wọ́n ń fi sábẹ́ ètè láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé. Mi ò rí ọjọ́ kan tí òòyì kọ́ wọn. Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà ni? Àbí patch ọ̀hún ni kò dáa?

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru, Birmingham

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Patch dáa, kò kàn bá ọ mu ni. 21mg yẹn, ẹni tó ń mu ju sìgá mẹ́wàá lọ lóòjọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Tí kò bá ju mẹ́wàá lọ, 14mg ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹrù ẹlẹ́rù lo lọ gbé rù.

Ṣùgbọ́n iye sìgá nìkan kọ́. Inú ẹ̀dọ̀ ni ara ti ń tú nikotíìnì palẹ̀, ẹ́ńsáìmù kan, ìyẹn èròjà inú ara tó ń tú nǹkan palẹ̀, tí wọ́n ń pè ní CYP2A6 ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, nǹkan bí wákàtí méjì ni ìdajì nikotíìnì inú ẹ̀jẹ̀ fi ń lọ. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn ń sáré, ti ẹlòmíràn ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àbínibí ni. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Japan kí ó falẹ̀, ó sì wà láàárín àwa aláwọ̀ dúdú náà. Ẹni tí tirẹ̀ bá falẹ̀, díẹ̀ ló máa tó o, tó bá sì gbà á jù, èébì ló kàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá yára, kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á tún fi máa béèrè. Ọmọ ìyá méjì lè má bára mu níbẹ̀, ká má tíì sọ ìwọ àti bàbá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó o bá wáyé, ìdajì ni ti bàbá, ìdajì ni ti ìyá.

Ní ti bàbá fúnra wọn, ó ti mọ́ wọn lára ni. Káún tí wọ́n sì ń lọ̀ mọ́ ọn kì í ṣe fún adùn lásán, òun ló ń jẹ́ kí nikotíìnì inú tábà tètè gba ara ẹnu wọlé. Nítorí náà, wọ́n ń gbà á dáadáa. Pé òòyì ò kọ́ wọn kò sọ pé tábà ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan o. Òòyì ni ara wọn ti gbàgbé; ìfúnpá àti ẹran ẹnu ò gbàgbé. Ní kí ẹni tó wà nílé máa yẹ abẹ́ ètè wọn wò. Bí àmì funfun kan bá wà níbẹ̀ tí kò lọ, kí wọ́n gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Bọ̀ọ̀dá Àgọ́-Ìwòyè, Toronto

Èmi ni òdìkejì rẹ. N kì í tíì fọ ẹnu kí n tó ṣáná sí i. 21mg tó gbé ọ ṣubú yẹn, bí ẹni lẹ bébà mọ́ mi lára ni. Apòògùn bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: tí o bá jí, ó máa ń tó ìṣẹ́jú mélòó kí o tó mu àkọ́kọ́? Bí kò bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣingọ́ọ̀mù oní-nikotíìnì 4mg ni tìrẹ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, 2mg. Ó ní kí n lẹ patch, kí n máa fi ṣingọ́ọ̀mù tì í lẹ́yìn nígbà tí ọkàn mi bá ń fà sí sìgá. Ìyẹn ló ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Òsúkè mú mi láàárín ìwàásù, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń wò mí. Wọn kì í jẹ ẹ́ báyẹn. Gé e lẹ́ẹ̀mélòó kan, tó bá ti ń ta ọ́ lẹ́nu, tì í sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìyá àgbà ṣe ń ti obì. Tí títa yẹn bá lọ, tún gé e. Má sì mu kọfí tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú, nítorí kíkan inú wọn kì í jẹ́ kí nikotíìnì wọlé. Ẹ ò rí i, káún bàbá ń ṣílẹ̀kùn, kọfí ń tì í.

Ìyá Ìbejì, Dublin

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò sọ ti obì!

Ọkọ mi, ọmọ Ìlíṣàn, takisí ló ń wà lóru. Nígbà tó ń mu sìgá, gbànja méjì pẹ̀lú ife kọfí mẹ́ta kò ní kó má sùn fọnfọn tó bá délé. Ó fi sìgá sílẹ̀, ó lẹ patch, gbogbo wa ń yọ̀. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kejì, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, ọwọ́ ń gbọ̀n, oorun ò kun ojú rẹ̀. Ìyá ọkọ mi pè láti ilé pé àwọn ayé ni, kí á fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè bá wa gbààwẹ̀. Ká sọ tòótọ́, owó ọ̀hún ti wà lọ́wọ́ mi.

Dókítà ló bi í pé kí ló ń jẹ, kí ló ń mu. Èéfín sìgá, kì í ṣe nikotíìnì o, èéfín gan-an, máa ń lé ẹ́ńsáìmù mìíràn nínú ẹ̀dọ̀ ní eré, CYP1A2 lorúkọ rẹ̀. Òun ló ń tú káféènì, èròjà inú obì àti kọfí tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, palẹ̀. Tí èéfín bá dáwọ́ dúró, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, á padà sí ìrìn rẹ̀. Káféènì inú ẹ̀jẹ̀ á wá di nǹkan bí ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ obì ò lé kan. Patch ò lè dá eré yẹn padà, torí kò ní èéfín. Àwa tí wọ́n ti ń kó obì láti Sábó Ṣágámù lọ sókè Ọya, ta ni nínú wa tó máa fura sí obì? Awẹ́ kan ló ń jẹ báyìí, kó tó di ọ̀sán. Ó ti ń hanrun.

Ẹni tí kò fẹ́ dárúkọ

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yìí kọjá obì. Àbúrò mi ń lo olanzapine, oògùn àìsàn ọpọlọ. Wọ́n dá a dúró sí wọ́ọ̀dù kan tí wọn kì í ti í mu sìgá, iye oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń fún un, kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ń sùn lórí àga, kò lè gbé ṣíbí dé ẹnu. Ẹ́ńsáìmù kan náà ló ń tú oògùn yẹn àti clozapine, oògùn ọpọlọ mìíràn. Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó dáwọ́ sìgá dúró. Tí ẹ bá sì padà sí i, ẹ tún sọ.

Nọ́ọ̀sì Ìpẹru, Birmingham

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ fi theophylline tí àwọn onikọ́ fée kan ń lò kún un. Ara aboyún máa ń tètè tú nikotíìnì. Tó bá ń lo patch, kí ó ṣí i kúrò kó tó sùn. Ẹnikẹ́ni tí patch bá ń fi àlá burúkú dá lóru náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Mákún, Leeds

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nìyàwó mi, a ń lọlé ṣe Iléyá, ẹgbẹ́ wọn máa jáde ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta. Ṣé mo lè rí patch rà lọ́hùn-ún?

Bọ̀ọ̀dá Àgọ́-Ìwòyè, Toronto

Gbé tìrẹ dání. Kẹ́míìsì mẹ́rin ni mo wọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo lọlé, ńṣe ni ọmọ ibẹ̀ gbé báńdéèjì fún mi. Sìgá ni kò wọ́n: òfin ọdún 2015 ní kí wọ́n má tà á lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n ṣì ń tà á bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá títì, nítorí náà mọ ibi tí wàá gbà kọjá. Ohun mìíràn ni oòrùn. Ooru máa ń jẹ́ kí nikotíìnì tú wọ ara ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwọ tí 21mg bì lulẹ̀ nínú òtútù Leeds, wo ara rẹ nínú agbádá sányán lọ́sàn-án gangan, tí bàtá àti ìlù ń dún sí ọ létí. Ṣingọ́ọ̀mù ni kí o lò lọ́jọ́ yẹn. Patch tó o bá sì ti ṣí kúrò lára, nikotíìnì ṣì kù nínú rẹ̀, ká a po kí o tó jù ú nù, kí ọmọ kékeré má fi ṣeré.

Ọmọ Mákún, Leeds

Mo ti ra 14mg, òní pé ọjọ́ mẹ́rin, mi ò bì. Mo pe bàbá lánàá, mo ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ káún àti abẹ́ ètè fún wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́, kí n ra aáṣáà òyìnbó bọ̀ káwọn tọ́ ọ wò. Mo ní ṣingọ́ọ̀mù ni mo máa mú bọ̀ fún wọn. Wọ́n ní eyín mélòó ni mo rò pé ó kù lẹ́nu àwọn.